Ta Ló Ba Ohùn Jẹ́? Bí a ṣe ń parí àríyànjiyàn nígbà tí ìgbohùnsílẹ̀ bá dàrú

Bí ohùn bá bàjẹ́ nínú sítúdíò kan ní Ṣómólú tàbí Mushin, ìdájọ́ ti máa ń jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹnjiníà á ní kọ̀ǹpútà ni. Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, tí wọ́n pè wá láti Ọ̀tígbà ní Ìkẹjà, á ní sọ́fítíwíà ni, kí wọ́n jẹ́ kí òun pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà rẹ́, kí òun tún un tò. Ẹni tó ni sítúdíò á ní máìkì tí wọ́n tà fún òun ní Alábà ni, òun sì ti fura láti ọjọ́ tí òun ti rà á pé ayédèrú ni. Oníbàárà kò ní sọ púpọ̀. Ojú ẹnjiníà ló ń wò.

Ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹni tó tọ́ka sí ohun tó wà níkàáwọ́ òun fúnra rẹ̀. N kò sọ pé wọ́n ń purọ́ o. Ẹni tó jẹ́ pé Windows ló mọ̀ ọ́n tò, Windows ni yóò kọ́kọ́ rí. Àmọ́ tí wọ́n bá fi ọjọ́ orí tàbí iye ọdún tí ẹnìkan ti lò lẹ́nu iṣẹ́ parí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àlébù á padà wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìdánwò ló ń parí rẹ̀: ìdánwò tí oníkálukú ti sọ ohun tó retí níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan wáyà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ là kalẹ̀, láti orí ohun tí kò náni ní kọ́bọ̀ dé orí ohun tó ń náni lówó.

Ìgbésẹ̀ 1: Kí gbogbo yín gbọ́ ohun kan náà

Ọ̀pọ̀ ìjà ló jẹ́ pé àlébù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí láìmọ̀. Akọrin ní ohùn ń pẹ́. Ohun tó ní lọ́kàn ni pé òun ń gbọ́ ara òun nínú hẹ́dífóònù lẹ́yìn tí òun ti kọrin tán. Ẹni tó ń ṣe fídíò náà ní ohùn ń pẹ́. Tirẹ̀ ni pé ẹnu ti pa dé lórí àwòrán kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ibi tí àwọn méjèèjì ti wá jìnnà síra wọn pátápátá, ẹni tó bá sì tún ọ̀kan ṣe kò tíì fọwọ́ kan èkejì.

Nítorí náà, ẹ gé nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá (sẹ́kọ́ńdì) mẹ́wàá jáde níbi tí ohùn ti bàjẹ́, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé nǹkan kan kúrò lára ohùn. Ẹ má ṣe gbé fóònù sẹ́nu spíkà kí ẹ fi voice note ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ bi léèrè. Fóònù á fi àlébù tirẹ̀ kún un, ẹ ó sì wá máa jà lórí àlébù mẹ́ta. Kí oníkálukú fi hẹ́dífóònù oníwáyà kan náà gbọ́ ọ, kó kọ ìṣẹ́jú àti àáyá tó ti gbọ́ ọ sílẹ̀, kó sì fi ẹnu ṣe ariwo náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣe "hùùù" àti ẹni tó ṣe "ta-ta-ta" kò sọ̀rọ̀ ohun kan náà, ẹ ó sì ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó ná owó kankan.

Ariwo hùùù tí kò dáwọ́ dúró sábà máa ń ti ọ̀nà iná wá. Ta-ta-ta tàbí ohùn tó ń gé sábà máa ń jẹ́ pé kọ̀ǹpútà kò lè bá iṣẹ́ mu. Ohùn tó ya bí ẹni pé spíkà ti bẹ́, tí ó sì ń ya nígbà tí akọrin bá pariwo nìkan, ẹni tó ṣí máìkì sókè jù ló ni ín. Ohùn tó wúwo, tó falẹ̀, tí obìnrin fi ń dún bí ọkùnrin, ìṣirò ló dàrú níbì kan. Gbogbo èyí ṣì jẹ́ ìfura o.

Ìgbésẹ̀ 2: Ṣé inú fáìlì ló wà, àbí ibi tí ẹ ti ń gbọ́ ọ?

Ẹ gbé fáìlì kan náà lọ sórí kọ̀ǹpútà mìíràn tàbí fóònù. Bó bá dún dáadáa níbẹ̀, ìgbohùnsílẹ̀ yín kò ní nǹkan kan. Ẹ lọ wo spíkà, hẹ́dífóònù àti sound card, ìyẹn ẹ̀rọ tí ohùn máìkì ń gbà wọ kọ̀ǹpútà tó sì ń gbé ohùn jáde. Bó bá bàjẹ́ níbẹ̀ náà, ó ti wọnú fáìlì.

Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣí i lórí Audacity, kí ẹ sún mọ́ àwòrán ohùn náà. Sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń gba ohùn tí wọ́n sì fi ń gé e ni Audacity, ọ̀fẹ́ sì ni. Dominic Mazzoni àti Roger Dannenberg ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Carnegie Mellon University ní Amẹ́ríkà, ó sì jáde ní ọdún 2000. Bí ẹ bá tilẹ̀ ń fi Cubase tàbí FL Studio ṣe iṣẹ́ yín, ó dára kó wà lórí ẹ̀rọ gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí tí kò sí nínú ìjà. Bí orí ìgbì ohùn bá tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni fi àdá gé e, ohùn ti kọjá ààlà 0 dB kó tó wọlé, ìyẹn ibi tó ga jù tí kọ̀ǹpútà lè gba ohùn dé. Kò sí sọ́fítíwíà tó lè dá a padà dáadáa. Kí ẹ rẹ gain (bí ẹ ṣe ṣí máìkì sókè tó) sílẹ̀ kí ibi tó ga jù máa kan bíi -6 dB, kí ẹ sì tún un gbà. Bí ẹ bá rí àlàfo tó ṣófo, tàbí ibi tí ìlà ohùn ti fò láti òkè sí ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kọ̀ǹpútà ló sọ ohùn nù lójú ọ̀nà. Bó bá jẹ́ ìlà tó tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni, kò sí ohùn tó wọlé rárá.

Ìgbésẹ̀ 3: Kí ẹnikẹ́ni má tíì tún nǹkan kan ṣe

Èyí ni ó nira jù lọ́wọ́ àwa ará Èkó, nítorí ọwọ́ wa yá. Bí ẹnìkan bá ti yọ wáyà kan, tí ẹnìkejì yí buffer padà (ẹ ó rí àlàyé rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ 6), tí ẹnìkẹta sì ti pa kọ̀ǹpútà, tó tún tàn án, tí ohùn sì wá dára, ẹni mẹ́ta ni yóò gba ògo, kò sì sí ẹni tó mọ nǹkan kan.

Ẹ fi fóònù ya àwòrán ojú ìwé tí sọ́fítíwíà ti ń tò ohùn: irú driver tó ń lò (ètò tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà bá ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ọn sọ̀rọ̀), sample rate (iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà ń wọn ohùn láàárín àáyá kan), buffer, orúkọ ohun tí wọ́n yàn láti gba ohùn àti láti gbé e jáde. Kí ẹ kọ ibi tí iná ti ń wá sí i, yálà NEPA ni, jẹnẹrétọ̀ ni, tàbí inverter. Kí ẹ kọ ìgbà tó dára kẹ́yìn àti ohun tó ti yí padà láti ìgbà náà. Nígbà mìíràn ìdáhùn wà níbẹ̀ gbọnrangandan: Windows ṣe update ní òru, tàbí ẹnìkan ti kó sound card lọ síbi ìsìn òru, ó sì fi wáyà mìíràn dá a padà.

Ní ti pípa gbogbo inú kọ̀ǹpútà rẹ́ kí a tún un tò, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó lè tún nǹkan ṣe lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń pa ẹ̀rí rẹ́, ó sì ń pa iṣẹ́ oníbàárà mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ 4: Kí oníkálukú sọ ohun tó retí

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ orúkọ oníkálukú sí i, àti ohun tó rò pé ó fa àlébù náà. Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù: bó bá jẹ́ pé òótọ́ lẹ sọ, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tí a bá ṣe báyìí? Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìyẹn ń sọ èrò rẹ̀ lásán. Kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹ má fi èrò rẹ̀ ra máìkì tuntun.

Níbi tó ti ń ṣòro ni láàárín ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ọmọ iṣẹ́ kò lè wò ọ̀gá rẹ̀ lójú kó ní "ẹ kò mọ̀ ọ́n." Ṣùgbọ́n ó lè béèrè. Báyìí ló ṣe máa ń lọ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa:

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ sọ́fítíwíà ló fà á, ṣé ariwo hùùù yìí á ṣì wà tí a bá yọ ṣájà láàpútọ́ọ̀pù?"

"Á wà. Kí ló kan ṣájà níbẹ̀?"

"Ẹ ṣé, sà. Mo ti kọ ọ́ pé ẹ ní á wà. Èmi ń rò ó pé ó lè lọ. Ẹ jẹ́ kí n yọ ọ́ ká jọ gbọ́ ọ."

Ó yọ ọ́. Ariwo lọ, tàbí kò lọ. Kò sí ẹni tó bú ẹnìkan, ọ̀gá kò sì ní ohun tó lè bínú sí, nítorí ẹnu òun ló ti sọ ohun tí òun retí. Ọ̀gá tó bá gbọ́n á jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ kọ tirẹ̀ sílẹ̀ náà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ iṣẹ́ ló ń yí wáyà lójoojúmọ́, òun ló mọ èyí tó ti ń mì láti oṣù tó kọjá.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ dá a padà sí bó ṣe wà kí ẹ tó yí òmíràn.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí iná

Iná wa ní Nàìjíríà ń lọ ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín àáyá kan, ìyẹn 50 Hz. Ariwo tó bá ti inú iná wá máa ń ní àmì yẹn lára: 50, 100, 150, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gba àáyá mẹ́wàá tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀, kí ẹ yàn án lórí Audacity, kí ẹ lọ sí Analyze, kí ẹ tẹ Plot Spectrum, tí yóò ya àwòrán bí ohùn ṣe pọ̀ tó lórí Hz kọ̀ọ̀kan. Bí òkè gíga bá dúró lórí 50 tàbí 100, ẹni tó ń bú sọ́fítíwíà ti kó ìṣòro bá ẹnu ara rẹ̀, nítorí Cubase kò mọ̀ bóyá Èkó tàbí Amẹ́ríkà ló wà. Ní Amẹ́ríkà, 60 ni ariwo náà ì bá dúró lé.

Jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń lo pẹtiróòlù máa ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan láti mú 50 Hz wá. Bí aládùúgbò bá tan fíríìjì sí i, yóò falẹ̀ díẹ̀ kó tó tún mú ara le, ariwo inú ohùn yín á sì máa lọ sókè sódò pẹ̀lú rẹ̀. Ìyẹn nìkan ti lè parí ìjà kan: bí ariwo bá ń jó tẹ̀ lé jẹnẹrétọ̀, òun ló ni ín.

Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ fi bátìrì ṣiṣẹ́. Bí ariwo bá lọ, láàárín ṣájà, sọ́kẹ́ẹ̀tì àti sound card ni kí ẹ ti máa wá a. Ẹ so gbogbo wọn mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo kí ẹ tún gbọ́ ọ. Bí kò bá lọ, ẹ yọ wáyà máìkì kúrò lára sound card, kí gain wà níbi tó wà. Ariwo tó bá lọ ní àkókò yìí, inú máìkì, inú wáyà tàbí inú yàrá ló ti wá. Inú yàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré níhìn-ín: fáànù, páànù tí òjò ń lù, kọndọ́ ọkọ̀ danfo tó ń pe èrò lẹ́yìn fèrèsé. Mo ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti fi gbogbo ọ̀sán dá plugin (ètò kékeré tí wọ́n ń fi kún sọ́fítíwíà orin) lẹ́bi fún ìró ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga aládùúgbò.

Wáyà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ fi èyí tó dára pààrọ̀, ẹ gbọ́ ọ, ó tán. Kí ẹ má gbàgbé ihò USB náà: ẹ so sound card mọ́ ara láàpútọ́ọ̀pù tààrà, kí ẹ fi ẹ̀rọ tó ń pín USB sílẹ̀. Máìkì kondẹ́ńsà tí kò sọ̀rọ̀ rárá, ẹ wò ó bóyá bọ́tìnnì 48V, tó ń fi iná ránṣẹ́ sí irú máìkì bẹ́ẹ̀, ti wà ní títẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 6: Bó bá jẹ́ ta-ta-ta, ẹ wo buffer

Ìjà tó gùn jù nínú iṣẹ́ yìí ni ti akọrin tó fẹ́ gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ àti kọ̀ǹpútà tó fẹ́ ìsinmi. Buffer ni ìwọ̀n ohùn tí kọ̀ǹpútà ń kó jọ kó tó fi ránṣẹ́. Bó bá kéré, ohùn á yára dé, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà á máa sáré, bó bá kọsẹ̀ ohùn á gé. Bó bá tóbi, kò ní gé, ṣùgbọ́n akọrin á máa gbọ́ ara rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí ìwé. Bí sample rate bá jẹ́ 48,000, buffer 256 jẹ́ mílísẹ́kọ́ńdì 5.3; buffer 1,024 jẹ́ 21.3. Ohùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà tó ń wọlé àti nígbà tó ń jáde, nítorí náà ó kéré tán ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Pẹ̀lú 1,024, ó ti lé ní mílísẹ́kọ́ńdì 40, akọrin tó bá sì ní ohun ń dà òun láàmú kò purọ́. Pẹ̀lú 64 lórí láàpútọ́ọ̀pù tó ti gbó, ẹnjiníà tó ní ẹ̀rọ kò lè gbé e kò purọ́ náà. Àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ojúlówó ojútùú ni kí ẹ fi 128 tàbí 256 gba ohùn, kí ẹ pa àwọn plugin tó wúwo nígbà náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí 1,024 nígbà tí ẹ bá ń ṣe míìsì, ìyẹn nígbà tí ẹ bá ń pa gbogbo ohùn pọ̀. Bí sound card yín bá ní bọ́tìnnì tó ń jẹ́ kí akọrin gbọ́ ara rẹ̀ tààrà láìgba inú kọ̀ǹpútà, ẹ lò ó, àríyànjiyàn tán.

Ìdánwò rẹ̀ rọrùn: ẹ gbé buffer láti 128 sí 1,024. Bí ta-ta-ta bá lọ, kọ̀ǹpútà ni kò lè bá a mu. Ẹni tó bá ń lo FL Studio, iye "underruns", ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà kò lè bá ohùn mu, wà lójú ìwé tí wọ́n ti ń tò ohùn. Kí ẹ jọ wò ó bóyá ó ń gòkè. Nọ́ńbà tí gbogbo yín ń wò pọ̀ dára ju etí ẹnìkan lọ.

Bí kò bá lọ pẹ̀lú 1,024, ẹ pa Wi-Fi. Driver Wi-Fi wà lára àwọn tó sábà ń dí ọ̀nà fún ohùn lórí Windows. LatencyMon, sọ́fítíwíà tí wọ́n ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìlò inú ilé, lè fi orúkọ driver tó ń dí ọ̀nà hàn yín. Lẹ́yìn Wi-Fi, ẹ wo antivirus, àyè tó kù lórí díìsìkì, àti ooru. Láàpútọ́ọ̀pù tó bá gbóná jù máa ń dín iyára ara rẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi lè ṣiṣẹ́ dáadáa ní aago méje àárọ̀, kó sì máa gé ohùn ní aago méjì ọ̀sán, tí ẹni tó wá ní àárọ̀ àti ẹni tó wá ní ọ̀sán á fi máa bú ara wọn ní onírọ́.

Ìgbésẹ̀ 7: Bí ohùn àti àwòrán bá jà

Sùúrùlérè ni mo ti máa ń gbọ́ èyí jù, nítorí àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ẹni tó gé fídíò ní ohùn tí sítúdíò fún òun kò bá ẹnu mu. Sítúdíò ní fídíò ló bàjẹ́. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ gbígbà, kí ẹnìkan pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan níwájú kámẹ́rà, kó sì tún pàtẹ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ parí. Àtẹ́wọ́ méjì yìí ni adájọ́.

Ẹ mú àtẹ́wọ́ àkọ́kọ́ bá àwòrán mu, kí ẹ wá wo èkejì. Bí èkejì bá bá a mu náà, ìdádúró lásán ni: ẹ sún ohùn síwájú díẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bí èkejì bá ti yà, ẹ wo bó ṣe yà tó. Fídíò sábà máa ń lo sample rate 48,000. Ọ̀pọ̀ sítúdíò orin ń lo 44,100. Bí ohun tí wọ́n gbà ní 48,000 bá ń dún bí 44,100, wákàtí kan á di wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 5 àti àáyá 18, ohùn á sì wúwo sí i. Ẹni tó bá rí irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kò nílò àríyànjiyàn: ẹnìkan ti yan nọ́ńbà tí kò yẹ, àwòrán tí ẹ fi fóònù yà ní ìgbésẹ̀ kẹta á sì sọ ẹni náà.

Ṣùgbọ́n bí ìyàtọ̀ bá kéré, bí ìdá díẹ̀ nínú àáyá kan lẹ́yìn wákàtí kan, kò sí ẹni tó jẹ̀bi. Aago inú kámẹ́rà àti aago inú sound card kì í rìn bákan náà gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá fi ìdá 50 nínú mílíọ̀nù yàtọ̀ síra, wákàtí kan á fi nǹkan bí ìdá 18 nínú ìdá 100 àáyá kan yà. Ó tó láti rí lẹ́nu ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹ gé ohùn sí wẹ́wẹ́ kí ẹ mú un bára mu níbì kọ̀ọ̀kan, tàbí kí ẹ fà á gùn díẹ̀. Fún ẹjọ́ yìí, ẹ má ṣe dá owó ẹnikẹ́ni dúró.

Ìgbésẹ̀ 8: Ìgbà tó jẹ́ pé sọ́fítíwíà ló fà á lóòótọ́

Mo fi í sẹ́yìn nítorí pé òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Ẹ gba ohun kan náà pẹ̀lú sọ́fítíwíà méjì. Reaper ń fúnni ní ọjọ́ 60 láti dán an wò láìsanwó. Audacity wà níbẹ̀. Bí àlébù bá wà nínú méjèèjì, sọ́fítíwíà ti bọ́ nínú ẹjọ́. Ẹ ṣọ́ra sá: bí méjèèjì bá ń lo driver kan náà, driver ṣì jókòó sínú àpótí ẹlẹ́jọ́.

Àwọn kan wà tó jọ àlébù tó sì jẹ́ pé ètò ni. Ìlà tó tẹ́jú láìsí ohùn: lórí Windows 10 àti 11, ẹ lọ síbi Privacy, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti gba àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà láyè láti lo máìkì. Ohùn tó ṣe bí ìpè fóònù àtijọ́: ẹnìkan ń fi máìkì hẹ́dífóònù Bluetooth gba ohùn, tí máìkì rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ohùn tó ń gbé jáde náà sábà máa ń jó rẹ̀yìn. Iṣẹ́ àtijọ́ tó ṣí tó sì ṣófo: Audacity tí ó wà ṣáájú 3.0, tó jáde ní 2021, máa ń kó ohùn sínú fódà kan tí orúkọ rẹ̀ parí sí "_data", lẹ́gbẹ̀ẹ́ fáìlì .aup. Ẹni tó da .aup nìkan sórí flash ti fi ẹrù sílẹ̀ kó tó wọkọ̀. Kí ẹ lọ wá fódà náà lórí kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ kí ẹ tó sọ pé oníṣẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Fáìlì tó kọ̀ láti wọ flash nígbà tó ju 4 GB lọ: flash tí wọ́n tò ní FAT32 kò lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti sọ́fítíwíà tí wọ́n jí tú tí wọ́n ń tà fún yín pẹ̀lú láàpútọ́ọ̀pù, ẹ kò lè fi í jẹ́rìí. Bó bá ṣe nǹkan ìyanu, kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é ló ṣe é tàbí ẹni tó tú u. Ẹ fi ti ọ̀fẹ́ ṣe ìdánwò.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ mú àlébù náà padà wá

Ohùn ti dára, gbogbo yín ti ń kó ẹrù. Ẹ dúró. Ẹ dá ohun tí ẹ yí kẹ́yìn padà sí bó ṣe wà, kí ẹ gbọ́ bóyá ariwo á padà. Bó bá padà, tó sì tún lọ nígbà tí ẹ tún un ṣe, ẹ ti mú un. Bí kò bá padà, ẹ kò tíì mọ ohun tó fà á, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀: "ó lọ, a kò mọ ìdí." Ó máa ń dun ẹni tó ti ń gba ìkíni, àmọ́ ìwé yẹn á wúlò lọ́jọ́ tí NEPA bá mú iná wá tí ariwo tún bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ kò bá tíì fohùn ṣọ̀kan lórí bóyá ó tilẹ̀ ti dára, ẹ pe ẹnìkan tí kò sí níbẹ̀ láti àárọ̀. Ẹ sọ fáìlì méjèèjì ní A àti B, kí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ má bá a sọ̀rọ̀, kí ó gbọ́ wọn léraléra ní àyípoyípo. Bí kò bá lè yan èyí tó dára léraléra, ìyàtọ̀ tí ẹ ń jà lé lórí kò sí.

Ìgbésẹ̀ 10: Owó

Ẹ ya owó wíwá àlébù sọ́tọ̀ kúrò lára owó àtúnṣe. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹni tó wá láti Ọ̀tígbà bá tún kọ̀ǹpútà ṣe nìkan ló ń gbowó, kọ̀ǹpútà ni yóò máa bàjẹ́ ní gbogbo ìgbà. Ẹ bá a ṣàdéhùn iye kan kó tó jókòó, èyí tí yóò gbà bó bá tilẹ̀ rí i pé wáyà ló fà á tí kò sì ní nǹkan kan ṣe. Ní ti oníbàárà, àkókò tí ẹ fi ń wá àlébù kì í ṣe àkókò rẹ̀. Ẹ má kà á mọ́ wákàtí tó san owó fún, àyàfi bó bá jẹ́ pé hẹ́dífóònù Bluetooth tó gbé wá láti ilé ni gbogbo yín ti ń wá kiri láti àárọ̀.